Irinṣẹ́ Ìpààrọ̀ Kọ́níà: Èwo Ló Bá Iṣẹ́ Wo Mu?

Kò sí àpótí irinṣẹ́ kan ṣoṣo tó lè ṣe gbogbo irú iṣẹ́ abẹ ìpààrọ̀ kọ́níà. Ibẹ̀ ni owó ilé ìwòsàn ti máa ń ṣòfò: wọ́n á ra àpótí tó kún fọ́fọ́, ìdajì rẹ̀ á máa sùn nínú dúrọ́ọ̀, nígbà tí ohun kékeré tí iṣẹ́ ọjọ́ náà nílò kò sí nílẹ̀. Kí a tó fi trephine (abẹ olóbìrìkìtì tí a fi ń gé kọ́níà) kan wé òmíràn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìpele tí a fẹ́ pààrọ̀.

Kọ́níà, awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, fẹ̀ tó mílímítà 11.5 sí 12. Sísanra rẹ̀ láàárín kò ju nǹkan bí ìdajì mílímítà lọ, stroma, ìpele àárín, ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lábẹ́ stroma ni awọ Descemet wà, tó nípọn tó nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 10, lábẹ́ ìyẹn ni endothelium, ìlà sẹ́ẹ̀lì kan péré tó ń fa omi kúrò nínú kọ́níà kí ó má baà di kùrukùru. Èyí tó bá kú nínú sẹ́ẹ̀lì yìí lára ènìyàn kì í ní arọ́pò. Nítorí náà, ohun méjì la fi ń díwọ̀n irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí: ṣé òbìrìkìtì tó gé pé, tí etí rẹ̀ sì dúró ṣánṣán? Sẹ́ẹ̀lì mélòó ló sì pa kí a tó parí? Orúkọ ilé iṣẹ́ àti iye owó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni.

Ní PK (penetrating keratoplasty), gbogbo ìpele la ń yọ, a ó sì rán tuntun sí i. Ní DALK (deep anterior lamellar keratoplasty), a ń pààrọ̀ stroma, a sì ń fi awọ Descemet àti endothelium aláìsàn sílẹ̀ fún un. DSAEK (Descemet stripping automated endothelial keratoplasty) àti DMEK (Descemet membrane endothelial keratoplasty) ló yí i padà: iwájú kọ́níà wà níbi tó wà, ìpele inú là ń pààrọ̀. Trephine àti àlùmọ́gàjí ló gba iwájú nínú PK. Nínú DMEK, ọ̀pá tí a fi ń gbé awọ wọlé ni gbogbo ọkàn wà lé.

Trephine: gígé ojú aláìsàn

| Irú | Ibi tó ti dára | Ibi tó ti ń kùnà |
|---|---|---|
| Ọlọ́wọ́ lásán | Kọ́níà tó ti fẹ́lẹ́ jù tàbí tó ti lu. Owó díẹ̀ | Ó máa ń tẹ ojú wọlé. Ó lè já wọlé lójijì |
| Hessburg-Barron | PK àti DALK ojoojúmọ́ | Ojú tí kò lè gba ìfàmọ́ra |
| Hanna | Jíjinlẹ̀ tí a yàn ṣáájú | Ojú kékeré tàbí èyí tó jìn. Owó rẹ̀ ga |
| Lésà femtosecond | Etí tó ní àkàsọ̀ tàbí igun | Àpá tó ṣókùnkùn. Ẹ̀rọ tó wọ́n gidi |

Nígbà tí dókítà ojú Eduard Zirm ṣe ìpààrọ̀ kọ́níà àkọ́kọ́ tó yọrí sí rere lára ènìyàn ní Olomouc (ní orílẹ̀-èdè Czech báyìí) lọ́dún 1905, trephine tí Arthur von Hippel ṣe ló lò. Ìṣòro ìgbà náà kò tíì kúrò lára trephine ọlọ́wọ́ títí di òní. Ọwọ́ tó ń tẹ abẹ mọ́lẹ̀ ń tẹ ẹyinjú náà mọ́lẹ̀. Ojú tó bá rọ̀ á ká, ohun tó yẹ kó jẹ́ òbìrìkìtì á di ẹyin, bí abẹ bá sì ṣe já wọlé báyìí, iris (awọ aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká) tàbí lẹ́ǹsì ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi oògùn sún ọmọlójú pọ̀ ṣáájú PK ní ojú tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Hessburg-Barron ló yẹ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ìdí rẹ̀ sì hàn nínú bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Òrùka rẹ̀ ń fi síríǹjì tó ní spíríǹgì fa kọ́níà mọ́ra, abẹ á sì máa yí nínú òrùka náà láìjẹ́ pé ọwọ́ ń tẹ ojú. Ìdámẹ́rin yíyí kan ń sọ abẹ kalẹ̀ ní nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 60, yíyí kan tó pé sì jẹ́ nǹkan bíi 250. Kí a tó gbé e lé ojú, a ó fi máíkírósíkópù wò ó títí abẹ á fi dọ́gba pẹ̀lú etí òrùka inú; ibẹ̀ ni òdo. Lẹ́yìn náà la ó yí abẹ náà padà sókè, tí a ó sì máa ka iye ìdámẹ́rin tí a yí, kí ó má baà fọwọ́ kan kọ́níà nígbà tí ìfàmọ́ra bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ka iye yìí kò ní mọ ibi tó wà mọ́ nígbà tó bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àmì àgbélébùú tó wà láàárín rẹ̀ la fi ń bá àárín kọ́níà tí a ti sàmì sí mu. Bí òrùka bá yọ́ kúrò lórí awọ, ẹ má ṣe tún máa yí abẹ lọ: ẹ dá a dúró, ẹ nu omi kúrò lórí kọ́níà, ẹ sì tún un fà mọ́ra ní ojú ìlà kan náà. Omi tó pọ̀ jù tàbí conjunctiva (awọ tó bo funfun ojú) tó ká sábẹ́ òrùka ló sábà máa ń fa ìyọ́ yìí.

Ìṣirò 60 àti 250 yìí kì í ṣe òfin tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé. Kọ́níà máa ń yọ sínú òrùka díẹ̀ bí a bá fà á, sísanra rẹ̀ létí sì ju ti àárín lọ. Fún DALK, ẹ wọn sísanra ojú náà ní ibi tí abẹ yóò gbà gan-an, kí ẹ sì dúró kí ẹ tó dé ibi tí ìṣirò ní kẹ́ ẹ dé. Gígé tí kò jìn tó ṣeé tún ṣe, èyí tó já wọlé ti sọ DALK di PK.

Hanna náà ń lo ìfàmọ́ra, a sì lè yan jíjinlẹ̀ tó máa dúró sí kí a tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tóbi, ojú tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣe tóóró kì í gbà á dáadáa, ó sì ní ẹ̀yà púpọ̀ tí ẹni tó ń fọ irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n tú àti tò. Ilé ìwòsàn tí kò ní nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n dunjú, kí ó fi sílẹ̀.

Lésà femtosecond lè gé etí tó rí bí olú, bíi fìlà gíga, tàbí tó gba igun-igun. Etí bẹ́ẹ̀ máa ń so mọ́ra dáadáa, omi kì í tètè jò, a sì lè tètè yọ òwú. Àǹfààní rẹ̀ ní ti ìríran sábà máa ń hàn jù ní àwọn oṣù àkọ́kọ́. Tí a bá ti yọ gbogbo òwú tán, ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti abẹ á dínkù. Àpá tó dúdú máa ń dí ìtànṣán lọ́nà, ẹ̀rọ náà sì máa ń tẹ ojú pẹrẹsẹ, nítorí náà kò sí ààyè fún un lórí kọ́níà tó ti lu. Bí ẹ̀rọ náà bá wà ní yàrá ọ̀tọ̀, a gbọ́dọ̀ fi awọ tín-ínrín kan sílẹ̀ láìgé títí aláìsàn yóò fi dé tíátà.

Ohun kan ni a kì í fi ṣeré: ìfàmọ́ra lórí kọ́níà tó ti fẹ́lẹ́ gan-an lè bẹ́ ẹ. Níbẹ̀ ni trephine ọlọ́wọ́ ti borí, pẹ̀lú jẹ́ẹ̀lì tó gbé àyè iwájú ojú dúró àti ọwọ́ tó fúyẹ́.

Punch: ìdajì kejì tí wọ́n máa ń gbàgbé

Punch la fi ń gé awọ ìtọrẹ, ìyẹn kọ́níà tó wá láti ara olùtọrẹ. Awọ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú aláìsàn. Bí gígé yẹn bá bàjẹ́, ojú aláìsàn ṣì wà ní pípadé, a lè sún iṣẹ́ síwájú. Bí a bá yí ètò yìí padà, ojú tó là sílẹ̀ láìní awọ tí a ó fi dí i ló kù.

Punch oníìfàmọ́ra di awọ náà mú pẹ̀lú endothelium sókè, nínú ihò tó tẹ̀ bí kọ́níà ṣe tẹ̀, ó sì ní ihò kéékèèké mẹ́rin tí a fi ń ta tádàwà sí etí awọ láti fi mọ ibi òwú mẹ́rin àkọ́kọ́. Punch ọlọ́wọ́ lórí búlọ́ọ̀kù Teflon kò gbówó lórí, àmọ́ kò ní ohun tó ń tọ́ abẹ náà sọ́nà. Bó bá wọlé ní dídagun, awọ tó jáde kò ní jẹ́ òbìrìkìtì, ìrán òwú tó dára jù lọ kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Tí owó bá wà fún ohun kan péré lẹ́yìn trephine, punch tó ní ìtọ́sọ́nà ni kí ẹ ná an sí.

Awọ tí a gé láti ìhà endothelium máa ń kéré díẹ̀ ju òǹkà abẹ lọ, nítorí náà punch sábà máa ń fi mílímítà 0.25 ju trephine lọ: 7.75 fún ojú tí a gé ní 7.5, 8.25 fún 8.0. Nínú keratoconus (àìsàn tó ń mú kí kọ́níà yọ ṣóńṣó síta), ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ máa ń lo òǹkà kan náà fún méjèèjì, torí pé ó ń tẹ́ kọ́níà sílẹ̀, ó sì ń dín àìríran ọ̀ọ́kán kù. Mílímítà 0.5 wúlò nígbà tí àyè iwájú ojú bá fún tàbí nígbà tí lẹ́ǹsì kò sí. Ẹ má ṣe fi trephine ilé iṣẹ́ kan ṣe ọkọ fún punch ilé iṣẹ́ mìíràn láìdán an wò: òmíràn ń ka fífẹ̀ abẹ láti inú, òmíràn láti ìta, ìyàtọ̀ kékeré yẹn sì tó láti jẹ 0.25 náà tán.

Ọ̀nà kejì ni àyè iwájú ojú àtọwọ́dá, tí a fi ń gé awọ ìtọrẹ láti òkè bí ti aláìsàn. Etí méjèèjì á dọ́gba jù, àfikún 0.25 kò sì pọn dandan mọ́. Ṣùgbọ́n awọ tí báǹkì ojú (ibi tí wọ́n ń tọ́jú awọ ìtọrẹ) fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní funfun ojú tó pọ̀ tó yí ká, kí gbogbo rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 16, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á máa jò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ èyí fún báǹkì ojú nígbà tí ẹ bá ń béèrè awọ. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ó ti pẹ́ jù.

Àlùmọ́gàjí, ẹ̀mú, ẹ̀mú abẹ́rẹ́

Àlùmọ́gàjí Katzin wá ní méjì, ti ọ̀tún àti ti òsì, wọ́n sì ń ra méjèèjì pọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ ló ń wọ inú ojú. Ó gbọ́dọ̀ máa bá iris rìn lọ ní ìdọ́gba láìfọwọ́ kàn án. Àlùmọ́gàjí tó ti kú kì í gé awọ Descemet, ńṣe ló ń rún un, á sì fi ìpele kan sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ etí tí kò ní jẹ́ kí awọ tuntun jókòó dáadáa. Ẹ fi rọ́bà ìbọ̀wọ́ tó fẹ́lẹ́ dán an wò: ó gbọ́dọ̀ gé mọ́ títí dé ṣóńṣó. Fún DALK, ti ẹlẹ́nu yíyípo ni kí ẹ lò.

Ẹ̀mú eléyín mílímítà 0.12 ni ti kọ́níà. Èyí tó jẹ́ 0.3 wà fún funfun ojú àti iṣan, kò ní iṣẹ́ kankan lórí awọ ìtọrẹ. Ẹ̀mú Colibri ń jẹ́ kí ọwọ́ kúrò lójú ọ̀nà máíkírósíkópù. Pierse kò ní eyín, ihò tín-ínrín ló fi ń mú awọ, ó sì rọ̀ mọ́ ọn lára, àmọ́ kì í di awọ tó wú mú tó 0.12. Polack ní orí méjì: ó mú etí awọ ní ojú méjì lẹ́ẹ̀kan, abẹ́rẹ́ á gba àárín wọn kọjá. Òwú àkọ́kọ́ ni mo gbà pé ó yẹ fún jù, nítorí ìgbà yẹn ni awọ ṣì ń yí kiri. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, stroma létí ni kí eyín rẹ̀ wọ̀, kí ó má fọwọ́ kan endothelium láéláé.

Ẹ̀mú abẹ́rẹ́ tí kò ní títì ni kí ẹ yàn fún òwú náílọ́ọ̀nù 10-0, òwú tín-ínrín tí a fi ń rán kọ́níà. Èyí tó ní títì máa ń ta ọwọ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣí i, ìta kékeré yẹn á sì ya etí awọ nígbà tí abẹ́rẹ́ wà nínú ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún sísanra rẹ̀. Ẹ di abẹ́rẹ́ mú ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta láti ṣóńṣó. Ẹ̀mú tí a fi ń so kókó gbọ́dọ̀ ní ẹnu tó tẹ́jú tó sì dán. Eyín á já òwú náà.

Òrùka Flieringa, tí a ń rán mọ́ funfun ojú láti gbé ẹyinjú dúró, kì í ṣe fún gbogbo ojú. Ọmọdé nílò rẹ̀, nítorí funfun ojú wọn rọ̀. Ojú tí kò ní lẹ́ǹsì tàbí tí wọ́n ti yọ vitreous (ohun bíi jẹ́ẹ̀lì tó kún ẹ̀yìn ẹyinjú) rẹ̀ náà nílò rẹ̀ kí ó má baà rún. Bí òwú tí a fi so òrùka náà kò bá fà dọ́gba, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yí kọ́níà po kí trephine tó dé.

Ní ti irin: titanium fúyẹ́, kì í dípẹtà, kì í sì di mágínẹ́ẹ̀tì, nítorí náà abẹ́rẹ́ 10-0 kò ní máa lẹ̀ mọ́ ọn. Fún ẹ̀mú àti ẹ̀mú abẹ́rẹ́, ó tọ́ sí owó rẹ̀. Fún àlùmọ́gàjí, irin líle tí kì í dípẹtà ṣì dára jù, torí ó ń di mímú rẹ̀ mú pẹ́.

DALK: abẹ́rẹ́ tàbí kánúlà?

Ọ̀nà àpò afẹ́fẹ́ ńlá tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ojú Anwar àti Teichmann gbé jáde lọ́dún 2002 ni pé kí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú stroma tó jìn títí yóò fi ya awọ Descemet kúrò lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ oníwọ̀n (gauge) 27 tàbí 30 tí a tẹ̀, tí ojú rẹ̀ dà bolẹ̀, rọrùn láti rí, ó sì ń wọ ibi tó jìn láìsí wàhálà. Ewu rẹ̀ ni ṣóńṣó rẹ̀: ó lè lu awọ náà. Kánúlà Fogla, ọ̀pá oníhò tín-ínrín, ní orí tó kújú, ihò rẹ̀ sì kọjú sísàlẹ̀. A ó kọ́kọ́ fi irin mìíràn la ọ̀nà fún un, ìyẹn sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún iṣẹ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ DALK, kánúlà ni. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, àkójọ PK gbọ́dọ̀ ti wà lórí tábìlì, torí awọ Descemet tó bá ya gbòòrò kò fi ààyè sílẹ̀ fún wíwá irinṣẹ́.

DSAEK àti DMEK: bí awọ ṣe ń wọlé

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa DSAEK ni ẹni tó máa gé awọ náà. Microkeratome (abẹ ẹlẹ́rọ) máa ń gé awọ iwájú kúrò lórí àyè àtọwọ́dá, orí rẹ̀ tí a ń lò sábà máa ń jẹ́ ti máíkírọ́ọ̀nù 300 tàbí 350, èyí tí a ń yàn gẹ́gẹ́ bí awọ náà bá ṣe nípọn tó. Àṣìṣe kan lè lu awọ, ìtọrẹ ẹnì kan á sì ṣòfò. Bí iṣẹ́ kò bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí báǹkì ojú gé e ránṣẹ́, kí ẹ fi owó microkeratome ra ohun tí ẹ fi ń gbé awọ wọlé.

Ẹ̀mú tí wọ́n fi ń ká awọ sí méjì ló lọ́jọ́ lórí jù nínú àwọn ohun ìgbéwọlé, òun ló sì ń pa sẹ́ẹ̀lì jù, ní ojú ìlà tí ẹ̀mú náà tẹ̀. Nínú Busin glide (irin tí awọ ń yọ̀ gbà wọlé), awọ á ká ara rẹ̀ pẹ̀lú endothelium nínú, ẹ̀mú á sì gba ìhà kejì ojú wọlé fà á. Ẹ ní láti fi omi gbé àyè iwájú dúró, bí ẹnu ọgbẹ́ bá sì là sílẹ̀ pẹ́, ó lè rún. Tan EndoGlide pa ẹnu ọgbẹ́ dé nígbà tó bá wọlé, àyè kì í sì rún tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó. Ẹ má dín ẹnu ọgbẹ́ kù nítorí ẹwà: awọ tí a fún pọ̀ gba ojú tó há jù á fi sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ san gbèsè náà.

DMEK, tí oníṣẹ́ abẹ ojú Melles kọ́kọ́ ṣàpèjúwe lọ́dún 2006, tún yàtọ̀ pátápátá. Awọ Descemet àti endothelium rẹ̀ nìkan ló ń wọlé, ó máa ń ká bíi ẹní, pẹ̀lú endothelium síta. Sẹ́ẹ̀lì ló wá ń fara kan ògiri ọ̀pá, nítorí náà ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀pá náà ṣe pàtàkì. Dígí dán, a sì ń rí awọ tí a fi trypan blue (aró búlúù) kùn nínú rẹ̀ kedere. Ọ̀pá Jones tí wọ́n tún ṣe, tó jẹ́ dígí, ń fẹ́ ẹnu ọgbẹ́ tó nǹkan bíi mílímítà 3. Ọ̀pá oníke (cartridge) tí wọ́n fi ń ti lẹ́ǹsì wọlé lè gba ẹnu tó kéré sí ìyẹn, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ohun tó ń bàjẹ́ ní ti méjèèjì jọra: afẹ́fẹ́ tó wọnú ọ̀pá ń ti awọ síwájú lójijì, àyè iwájú tó le jù sì ń pọ awọ náà jáde nígbà tí ọ̀pá bá ń kúrò. Ẹ tú omi díẹ̀ jáde kí ọ̀pá tó jáde. Dígí ni mo máa yàn níbi tí owó bá gbà á.

Àmì S tí báǹkì ojú lù sára awọ, tó ń fi hàn bóyá awọ náà dojú bó ṣe yẹ, jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó dára jù tó dé bá iṣẹ́ yìí, torí awọ tó dojú délẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè fún un. Ẹ béèrè pẹ̀lú fún awọ ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún: ti ọ̀dọ́ máa ń ká ṣinṣin, ó sì ṣòro láti tú. Jẹ́ẹ̀lì tó bá ṣẹ́kù sínú ojú kì í jẹ́ kí awọ náà lẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ jáde pátápátá. Gáàsì SF6 ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún máa ń pẹ́ nínú ojú ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ó sì ń gbé awọ mọ́lé fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tàbí àtúnlò

Abẹ trephine àti abẹ punch, ẹ̀ẹ̀kan ni. Abẹ tó ti gé awọ kan kò mú tó mọ́ fún ìkejì, kò sí owó tí a ń pamọ́ níbẹ̀. Kánúlà tín-ínrín náà, bí owó bá gbà á, ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ, nítorí ọṣẹ tó gbẹ sínú ihò rẹ̀ lè dá ìgbóná olóró sílẹ̀ nínú ojú lọ́jọ́ kejì iṣẹ́, èyí tí ó máa ń jọ àkóràn, tí ó sì lè pa endothelium tuntun. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ tún un lò, ẹ fi omi dísítíìlì fọ ihò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ohunkóhun tó gbẹ, kí ẹ sì fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Omi iyọ̀ ń jẹ irin, ẹ má fi rẹ irinṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún 1974 ni wọ́n ṣe ìròyìn ẹni tí àrùn Creutzfeldt-Jakob (àrùn ọpọlọ tó ń pani) ràn nípasẹ̀ kọ́níà ìtọrẹ; autoclave (ẹ̀rọ ooru tí a fi ń pa kòkòrò lára irinṣẹ́) ojoojúmọ́ kì í pa ohun tó ń fa àrùn náà dáadáa, èyí sì jẹ́ ìdí mìíràn tí àyẹ̀wò olùtọrẹ àti irinṣẹ́ ìlò-ẹ̀ẹ̀kan fi wúlò.

Nígbà tí irinṣẹ́ bá dé láti ilé iṣẹ́, ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ máíkírósíkópù kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Eyín ẹ̀mú gbọ́dọ̀ pàdé láìrékọjá ara wọn, ìmọ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba àárín ẹnu ẹ̀mú kókó kọjá, àlùmọ́gàjí kò gbọ́dọ̀ kọ́ nígbà tí ó bá ń padé. Ẹ rà méjì-méjì nínú ẹ̀mú 0.12 àti ẹ̀mú abẹ́rẹ́: ṣóńṣó tó bá fara gbá ilẹ̀ tíátà lẹ́ẹ̀kan ti tẹ̀, a kì í fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà.